Ìyá Àgbà Tó Pàtẹ́wọ́ fún Oòrùn

Ní ìlú Melo, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Nibia Larrosa mọ Montevideo. Bí ọmọ ẹnì kan bá fẹ́ lọ kàwé ní olú-ìlú, ọ̀dọ̀ Nibia ni wọ́n á kọ́kọ́ mú un wá. Nibia á da omi gbígbóná sórí ewé máté rẹ̀, á fà á mu díẹ̀díẹ̀, á sì ṣe sùúrù títí gbogbo wọn á fi dákẹ́. Ìgbà náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, ohun tí èèyàn ò gbọdọ̀ ṣe kí wọ́n má baà mọ̀ pé ará oko ni. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé ìgbà wo ló débẹ̀ kẹ́yìn. Àwa náà ò bi í, nítorí ẹni tó bá ń yẹ ẹnu àgbà wò, wàhálà ló ń wá.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyí. Nígbà tí Nibia ṣì jẹ́ ọmọge, ó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé dókítà kan ní àdúgbò Pocitos. Ìyàwó dókítà kì í jẹ́ kó jáde àfi lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, bó bá sì jáde náà, kò kọjá kó rìn dé etí omi, kó jókòó sórí ògiri, kó jẹ búrẹ́dì, kó sì sáré padà kí wọ́n tó pè é. Ó mọ ilé ìdáná dókítà. Ó mọ àkàsọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ ilé búrẹ́dì tó wà ní ìkóríta, ó sì mọ omi. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ló bá padà sí Melo, ó fẹ́ Elbio tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe fún àwọn olóko, ó bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Darwin. Ó wá jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ, ó ń rán aṣọ funfun àti ọ̀já búlúù tí àwọn ọmọ iléèwé ń wọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kàwé ní Melo láàárín ọdún wọ̀nyẹn, aṣọ Nibia ló wọ̀ kọ́ ABD. Iṣẹ́ náà ló ba ojú rẹ̀ jẹ́, torí títí di òní, bí nǹkan bá ti jìnnà sí i díẹ̀, bàìbàì ló ń rí i.

Elbio kú. Ilé dákẹ́. Ẹ wò ó, obìnrin tó ti ń fi ohùn gíga bá ọkọ jà láti àárọ̀ dalẹ́, tó wá di pé aago ara ògiri nìkan ló ń dá a lóhùn, kò yẹ kéèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún Nibia ni oṣù Jánúárì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, iléèwé ti wà ní títì, àwọn ọmọ Darwin méjèèjì á sì wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: Maite tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Ramiro ọmọ ọdún márùn-ún. Oṣù kan yẹn ló fi ń gbé ìyókù ọdún ró.

Ìyàwó Darwin ń jẹ́ Yanela. Ó ń ta oògùn ní ilé ìtajà kan nígboro, ó sì jẹ́ obìnrin tí kì í gbàgbé nǹkan. Yanela rí i pé Màmá gbé ìkòkò kaná, wọ́n sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ó rí i pé Màmá da iyọ̀ sí kọfí. Kò pariwo. Ó kàn fi ohùn tútù sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun pé lọ́dún yìí, kí àwọn ọmọ lọ lo Jánúárì lọ́dọ̀ ìyá tòun ní Rivera. Ìyá tirẹ̀ ṣì lágbára, ó sì ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ọgbà tí wọ́n ṣe irin yí ká. Darwin lanu, ó tún pa á dé. Darwin yìí lè yí ọkọ̀ tírélà padà lójú ọ̀nà tóóró, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọ̀nà tó fẹ̀ tó láti yí ọ̀rọ̀ Yanela padà.

Ẹ̀rù ba Nibia, ẹ̀rù náà ló sì jẹ́ kó sọ ohun tí kò ronú sí. Ó ní òun fúnra òun fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ sí Montevideo. Ó ní ó tó àkókò kí wọ́n mọ ìlú tí òun mọ̀.

Yanela wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ mú wọn lọ. Bẹ́ ẹ bá mú wọn dé bẹ́ ẹ ṣe mú wọn lọ, Jánúárì di tiyín, èmi ò tún ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Rivera ni."

Ó fi kún un pé òun á máa pè wọ́n lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ní ìparí oṣù Dìsẹ́ńbà, tí iléèwé ti gba ìsinmi, wọ́n gbéra. Nínú bọ́ọ̀sì, Nibia kó òfin jọ fún àwọn ọmọ. Ẹ má pariwo ní Montevideo, àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í pariwo. Ẹ má bá ẹni tẹ́ ò mọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má nawọ́ sí èèyàn, ará oko ló ń nawọ́ sí èèyàn. Ramiro ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù, nítorí ọmọ yẹn, bí ẹ bá sọ nǹkan fún un, ó máa ń mú un bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, ìyá àgbà wá dé orí èyí tó dùn mọ́ ọn jù. Ó ní bí oòrùn bá ń wọ̀ ní Montevideo, gbogbo ẹni tó wà létí omi á dìde, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un.

Maite ní kí ló dé tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún oòrùn.

"Ìwà ọmọlúàbí ni. Ó ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ṣé wọn ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

"Àwa ní Melo ńkọ́?"

"Ní Melo, ẹ̀yìn màlúù ló máa ń wọ̀ sí. Ta ló fẹ́ lọ dúpẹ́ níbẹ̀?"

Òótọ́ ni pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún oòrùn létí omi níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nibia ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kò sẹ́ni tó dán irú ẹ̀ wò. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti rí i.

Wọ́n dé Montevideo, Montevideo ò sì dá Nibia mọ̀. Ilé dókítà ti di ilé gogoro onídígí. Ilé búrẹ́dì ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Nibia dúró níwájú ẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ìdí tí òun fi mú wọn wá síbí gan-an nìyẹn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìlú ń dàgbà. Láti ìgbà náà ló ti ń mú wọn rìn gbéregbère. Bí wọ́n bá tún bá ara wọn níwájú ère kan náà, á ní ère náà pé méjì ní ìlú yìí. Maite tètè mọ ohun tó ń lọ. Ó máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn, á rọra bi ẹni tó ń kọjá lọ, á wá sáré bá ìyá àgbà.

"Ìyá àgbà, ṣé kì í ṣe ibí yìí lẹ sọ pé a máa yà sí?"

"Ibẹ̀ náà ni. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá o ń fọkàn bá mi lọ ni."

Kí n má parọ́, wọ́n gbádùn. Wọ́n gun ẹṣin onígi tó ń yípo nínú ọgbà ìṣeré, Ramiro kọ̀, kò fẹ́ sọ̀ mọ́. Wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran àti ẹyin àti wàràkàṣì sí, tó ga débi pé Ramiro ní láti gun orí àga kó tó rí i bù jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, Yanela á pè, Nibia á sì fún un lésì bí ọ̀gá ológun: gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ó ti ń wo Jánúárì tó ń bọ̀ bí ẹni pé ó ti wà nínú àpò.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n padà, wọ́n lọ sí etí omi Ramírez. Odò ni, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ débi pé òkun la máa ń pè é, ẹni tó bá sì ní odò ni, àlejò ni. Èèyàn kún bí eéṣú. Gbogbo wọn há fúláàsì omi gbígbóná mọ́ abíyá, wọ́n di máté mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ọjọ́ náà tó ohun tí wọ́n lè fi se ẹyin. Ramiro fò nínú omi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá sùn sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá àgbà. Nibia fi aṣọ ìnura ńlá bò ó nítorí afẹ́fẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sínú báàgì kí iyanrìn má baà ha á. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ń ṣọ́ ọmọ.

Ó ṣọ́ ọ dáadáa ni o. Bí Maite bá rẹ́rìn-ín sókè, á ní kó rọra, kó má jí àbúrò rẹ̀. Bí eṣinṣin bá bà sórí aṣọ ìnura, á lé e. Bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ kan yí wá sítòsí, ló bá dìde sí wọn, ó ní ṣé wọn ò rí i pé ọmọ ń sùn níbí ni. Àwọn ọ̀dọ́ náà wo aṣọ ìnura, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní kí màmá má bínú. Ramiro ti jí tipẹ́. Ìgbà tí Maite lọ bu omi, tí ìyá àgbà sì ń tòògbé, ni oníáísìkirimù kan kọjá, Ramiro sì dìde, ó tẹ̀ lé e lọ. Báàgì àti fúláàsì tí wọ́n gbé tì í ló kù lábẹ́ aṣọ.

Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Omi pọ́n. Ìgbà náà ni ariwo àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun etí omi lọ́hùn-ún, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, pá, pá, pá, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nibia dìde. Ó gbọn iyanrìn kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì, ó kọjú sí oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tó sọ nípa Montevideo láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, tó sì wá rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nìyí.

"Ṣó o rí i? Kí ni mo sọ fún ẹ?" ni Nibia wí fún Maite.

Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan jókòó lápá ọ̀tún wọn, baba arúgbó kan sì wà lápá òsì. Àwọn náà ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí oòrùn. Nibia rí i, ó sì dùn ún. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ayé ti bàjẹ́, àwọn èèyàn ò tilẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n kọjú sí mọ́ bí wọ́n bá ń dúpẹ́. Ó wá túbọ̀ ń pa tirẹ̀ kíkankíkan láti fi kọ́ wọn.

Maite fà á láṣọ. "Ìyá àgbà, kì í ṣe oòrùn o. Ọmọ kan ló sọnù. Wọ́n gbé e sí èjìká."

Ìyàwó ọ̀dọ́ yẹn ló ṣàlàyé fún ọmọ náà. Ó ní bí ọmọ bá sọnù létí omi, ẹnì kan á gbé e sí èjìká, á máa gbé e lọ, gbogbo èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́ títí ẹni tó ni ín á fi gbọ́, tí á fi yọjú. Nibia ní òun mọ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ìgbà tí òun ń gbé ní Pocitos náà wọ́n ń ṣe é. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Bí kì í bá ṣe oòrùn, ó ṣáà yẹ kí wọ́n dójú ti ẹnì kan.

Ni ọ̀rọ̀ bá jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní irú èèyàn wo ló ń gbé ọmọ wá síbi omi tí á wá gbàgbé rẹ̀? Ó ní fóònù ni, fóònù ló ti gba orí àwọn abiyamọ òde òní. Ìyàwó ọ̀dọ́ náà ní òótọ́ ni màmá ń sọ. Baba arúgbó ní ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ni ọmọ náà wà, torí ó wọ́pọ̀ lásìkò ìsinmi.

"Ìyẹn ló tún burú jù," ni Nibia wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, ṣe ló yẹ kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá, kó má fojú kàn án mọ́."

Gbogbo wọn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọkùnrin tó gbé ọmọ náà wá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú, kò wọ ẹ̀wù, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Ọmọ náà jókòó lọ́rùn rẹ̀ bí gómìnà tó ń bẹ ìlú wò, áísìkirimù ti yọ́ sí i lágbọ̀n. Ọkùnrin náà ń bi í pé ta ni tìrẹ níbí, kó nawọ́ sí i. Ọmọ náà ò fọhùn. Ó wo Nibia tààrà, Nibia ń pàtẹ́wọ́ fún un, ọkùnrin náà sì gbé e kọjá lọ.

Maite ní, "Ìyá àgbà, ṣòkòtò péńpé yẹn, ẹ̀yin lẹ rán an."

"Gbogbo ọmọ ló ń wọ ṣòkòtò. Má pariwo, àbúrò ẹ ń sùn."

Maite tẹ̀ síwájú, ó sì ká aṣọ ìnura náà kúrò.

Nibia wo fúláàsì. Ó wo báàgì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró lójú òfuurufú níbi tó ti fẹ́ pa wọ́n pọ̀. Ó wá sáré. Obìnrin tí orúnkún ń dùn ún, tó ti ń fi ọ̀pá gun àkàsọ̀ láti ọdún tó kọjá, ó sáré lórí iyanrìn, ó ń tẹ aṣọ àwọn aláṣọ mọ́lẹ̀, ó ń da máté àwọn onímáté nù. Ó ń ké pé tòun ni, tòun ni. Àtẹ́wọ́ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, ó sì ní láti pariwo bí ẹni ń da màlúù, láàárín ìlú tí wọn kì í ti í pariwo.

Ọkùnrin náà gbọ́, ó yí padà. Àtẹ́wọ́ wá di ìjì, gbogbo etí omi ń hó. Nígbà tí Nibia bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ìyàwó ọ̀dọ́ yẹn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Ó kàn ń wò ó. Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, Nibia ì bá bọ́ sínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ gba ọmọ yín," ni ọkùnrin náà wí bó ṣe ń sọ Ramiro kalẹ̀. "A ti rìn lọ rìn bọ̀. Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ ni? A ti rò pé odi ni."

Ramiro ló dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ló kọjú sí. "Ẹ ní ká má bá ẹni tá ò mọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ tún ní ká má nawọ́ sí èèyàn."

Nibia gbá a mọ́ra, ó sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìtìjú, ìyẹn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Omi tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe fẹ̀ tó, ó sì ń rò ó pé ọmọ náà ì bá gba ibẹ̀ lọ kí òun ṣì máa lé eṣinṣin kúrò lára fúláàsì.

Fóònù dún nínú báàgì tí Maite gbé sáré tẹ̀ lé e. Yanela ni.

Maite ti mú un jáde, kò tíì gbé e. Ó wo ìyá rẹ̀ àgbà lójú. Ó rọra ní, "Ẹ má sọ fún wọn. Màá ní a wo oòrùn, ó dẹ̀ rẹwà. Ramiro náà ò ní sọ, màá bá a sọ̀rọ̀."

Nibia wo ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ò mì rárá. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣàlàyé ìlú tí kò mọ̀ fún àlejò, Nibia sì mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ó fẹ́ gbà. Kí n sọ òótọ́, ó fẹ́ gbà á gidigidi, nítorí gbogbo Jánúárì tó kù láyé rẹ̀ ló wà nínú fóònù yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí irọ́ ti mọ́ lára báyìí bà á lẹ́rù. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti aṣọ ìnura, ó sọ ti áísìkirimù, ó sọ bí òun ṣe pàtẹ́wọ́, ó tún sọ ohun tí òun sọ nípa ìyá àgbà tó ni ọmọ náà. Nígbà tó parí, Yanela ní kí wọ́n fún òun ní Ramiro.

Ó bi ọmọ náà bóyá ẹ̀rù bà á.

"Rárá," ni Ramiro wí. "Mò ń rí Ìyá àgbà látòkè. Àwọn ni ò rí mi. Àwọn ló sọnù."

Nibia gba fóònù padà. Kò dúró kí wọ́n ṣèdájọ́. Ó ní, "Yanela, mo mọ̀. Rivera ni. Mi ò ní bá ẹ jiyàn."

"Màmá, ṣé ẹnì kan ló ní kẹ́ ẹ sọ fún mi?"

"Rárá. Maite ní kí n má sọ."

Nibia ń gbọ́ bí Yanela ṣe ń mí nínú fóònù.

"Wọ́n á wá ní Jánúárì," ni Yanela wí. "Èyí tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni màá fa àwọn ọmọ lé lọ́wọ́ mọ́, Màmá. Maite ni màá fà yín lé lọ́wọ́."

Nibia ní òun gbọ́. Ó ní òun dúpẹ́, ó sì tún un sọ, nítorí ó rò pé wọn ò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Nígbà tó gbójú sókè, Maite ti na ọwọ́ sí i kó dì í mú, ó ń dúró, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.